Ilé Òfì Tí Oòrùn Kò Wọ̀

Àyà Ọnàwọlé ni ó dí. Ahunṣọ ni ní ìlú Ìdó-Òwú, ọwọ́ rẹ̀ sì dá lórí òfì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gbéyàwó àti ẹni tó ń joyè fi máa ń dúró de iṣẹ́ rẹ̀, kódà bí ahunṣọ mìíràn bá ti ṣetán. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí à ń sọ yìí, bí ó bá ti jókòó ti òfì, ikọ́ á gbé e. Ojú á máa yún un, imú á máa ṣomi, orí á máa fọ́ ọ, mímí rẹ̀ á sì máa dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tí awọ rẹ̀ ti lu. Nígbà tó yá, bí ó bá ju ọkọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ó ní láti sinmi kí ó tó jù ú padà. Ọkọ̀ ni igi kékeré tí òwú ń gbé inú rẹ̀, tí ahunṣọ ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Kò wúwo tó ẹyin adìẹ méjì. Ọkùnrin tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti ń wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn rẹ̀.

“Ohun tó bá òwú lára mu kì í sábà bá àyà lára mu.” Òun ni ó da owó ẹyọ fún Ọnàwọlé, ọmọ ahunṣọ Ìdó-Òwú, ní ọjọ́ tí ó ń fi omijé ṣògbérè èémí. Bí àwọn tó kọ́ mi ti sọ ìtàn náà fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́. Odù tó jáde ní ọjọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a kì í pe odù níbi tí a kò ti júbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé náà, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bàbá Ọnàwọlé ni ó kọ́ ilé òfì sí etí odò. Ògiri rẹ̀ nípọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ó kúrú, kò sì sí fèrèsé kankan. Kì í ṣe pé bàbá náà kò mọ fèrèsé. Òwú ni ó ń tọ́jú. Bí ọyẹ́ bá dé, tí atẹ́gùn gbígbẹ bá ń fẹ́, òwú á gbẹ, á máa já pátápátá lórí òfì, ahunṣọ á wá fi gbogbo ọjọ́ so òwú dípò kí ó hun ún. Ṣùgbọ́n bí ilé bá tutù, òwú á rọ̀, kò ní já. Nítorí náà, ní òròòwúrọ̀ ni wọ́n ń da omi sí ilẹ̀ ilé òfì náà, wọ́n á sì fi ẹní tí wọ́n ti rẹ sómi bo ẹnu ọ̀nà. “Òwú kì í já nílé wa” ni wọ́n fi ń yangàn, ó sì ti di ara oríkì wọn.

Ilé tó tutù bẹ́ẹ̀ kò lè má bu, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ ṣe ń bu bí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú ewé. Láti ìdí ògiri dé ibi tí orí ẹni tó jókòó mọ ni nǹkan ti hù sí i lára, òmíràn dúdú, òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn funfun, ó sì ní irun wẹ́wẹ́. Òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ahunṣọ kò gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Bí ẹnìkan bá sì mẹ́nu bà á, wọ́n á ní òórùn iṣẹ́ àwọn ni, pé ilé òfì tí kò bá rùn bẹ́ẹ̀, ilé ọ̀lẹ ni. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ohun tó yẹ kó lé wọn jáde ni wọ́n ń fi ṣe fáàrí.

Nígbà tí bàbá náà kú, Bámgbálà, ẹ̀gbọ́n Ọnàwọlé, ni ó jogún ilé náà. Ní ọdún tó jogún rẹ̀, ó ní òtútù ilé náà kò tíì tó. Àlàfo tó wà láàárín ògiri àti òrùlé, tí atẹ́gùn díẹ̀ ń gbà wọlé, ó fi amọ̀ dí i pa. Ní ọdún kan náà ni Ọnàwọlé gbé Ìbídùnńní níyàwó láti ìlú kejì. Obìnrin náà mọ òwú ran, inú ilé òfì náà ni ó sì ń jókòó sí ran án, ní ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí ohun tó fà á. Wọ́n lo agbo, wọ́n lo àgúnmu, wọ́n fi epo pa á láyà. Níkẹyìn, Bámgbálà pe àbúrò rẹ̀ sẹ́yìnkùlé.

“Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà,” ni ó wí. “Kí obìnrin yìí tó dé, ṣé ò ń wúkọ́?”

Ọnàwọlé kò lè sọ pé òun ń wúkọ́. Ní ìgbà tí iṣu tuntun jáde, ó dá Ìbídùnńní padà sílé bàbá rẹ̀. Kò lù ú, kò bú u, ó kàn ní kí ó lọ kí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ojú kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í gbé inú ilé kan ṣoṣo. Kí ó tó dé ibi tó ń lọ, àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà ti mọ orúkọ tí wọ́n fún un.

Nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, Ọnàwọlé gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúndùnkẹ́ lọ. Olórìṣà ni ìyá náà, owó ẹyọ ẹẹ́rìndínlógún ni ó ń dà, òkè ìlú níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ ni ó ń gbé. Ẹni tó bá wá bá àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sábà máa ń mú ìdáhùn tirẹ̀ lọ́wọ́ wá, kí a kàn bá a fi epo sí i ni ó ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọnàwọlé rí. Ó kí ìyá náà tán, ó jókòó, ó dúró kí àyà rẹ̀ rọ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi bi òrìṣà bóyá kí n má gba ìyàwó mi padà mọ́.”

Ìyá Ẹfúndùnkẹ́ da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó pẹ́.

“Òrìṣà kò dárúkọ obìnrin kankan níbí,” ni ó wí. “Ta ló dárúkọ rẹ̀ fún ọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, ìyá. Ó ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.”

“Ìyàwó náà dà?”

“Ó ti wà nílé bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí iṣu tuntun jáde.”

“Nígbà tí ó lọ, ṣé ikọ́ náà bá a lọ?”

Ọnàwọlé wo ilẹ̀. “Rárá, ìyá. Ó tún le sí i ni.”

“Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ìgbà wo ni ó dẹwọ́ fún ọ gbẹ̀yìn?”

Ó ronú. Ó ní òun lọ ra òwú sányán ní ọ̀nà jíjìn, àti pé bí òun ṣe kúrò nílé báyìí ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í rí èémí mí. Òun sùn bí ọmọ ọwọ́ níbẹ̀. Àwọn tí òun dé sọ́dọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn.

“Nígbà tí o padà dé?”

“Kí n tó hun ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ó ti gbé mi.”

“Ta ló jókòó tì ọ́?”

“Kò sí ẹnì kankan, ìyá. Ìyàwó mi ti lọ nígbà náà. Ògiri ni mo kọ ẹ̀yìn sí.”

Ó sọ ọ́ tán ni etí òun náà tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ìyá Ẹfúndùnkẹ́ kó owó ẹyọ rẹ̀ jọ.

“Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ wí, ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò wà,” ni ó wí. “Ìdí ẹ̀fọ́ mìíràn ni ó lọ tú. Ẹbọ ni kí o rú. Ẹyẹlé funfun, ìgbín àti ẹ̀kọ tútù, ìyẹn jẹ́ ti òrìṣà, kò sì ṣòro. Ṣùgbọ́n òrìṣà tún bèèrè ògiri.”

“Ògiri, ìyá?”

“Ògiri ilé òfì yín. Kí ẹ dá ojú sí i lára níhà ìlà-oòrùn àti níhà ìwọ̀-oòrùn, kí atẹ́gùn rí ibi wọ̀, kí ó sì rí ibi jáde. Kí ẹ ká ẹní tútù kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì da omi sí ilẹ̀ náà mọ́. Ohun tó bu lára ògiri, ẹ fi omi eérú rin ín kí ẹ tó ha á, kí ẹ sì fi aṣọ di imú. Bí ẹ bá ha á ní gbígbẹ, inú àyà yín ni ó ń sá lọ. Ẹní tó ti bu, ẹ jó o lẹ́yìn ilé. Títí ògiri náà yóò fi gbẹ dénú, má jókòó níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni kí o lọ mú ìyàwó rẹ wálé, kí o sì dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó bí i.”

“Ìyá, bàbá wa ló kọ́ ilé náà. Òun ló ní kí ó má ní fèrèsé.”

“Òwú ni bàbá yín kọ́ ọ fún, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Kò kọ́ ọ fún ẹ̀dọ̀fóró.” Ìyá náà wò ó lójú. “Kí ló pa bàbá yín?”

Ikọ́ àgbà ni wọ́n pè é nígbà náà, wọ́n sì sin ín pẹ̀lú ìlù àti ijó, nítorí pé ó ti dàgbà. Nísinsìnyí Ọnàwọlé bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ orí bàbá náà nínú ara rẹ̀, ó sì rí i pé kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

“Ikọ́ ni, ìyá,” ni ó wí.

Ó rú èyí tó jẹ́ ti òrìṣà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ó lọ dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ìyá náà bèèrè fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Bámgbálà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, nítorí òun náà ti ń wúkọ́, ó kàn ń pè é ní itọ́ tó gba ọ̀nà òdì ni.

“Arúgbó tí kò hun ìbú ìka kan rí ló fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́lé òfì?” ni ó wí. “Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́. Ìwọ wá fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi la ògiri bàbá mi lẹ́nu. Òwú kì í já nílé yìí. Kò ní já nígbà tèmi.”

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má baà sọ pé kò ṣe nǹkan kan, ó ra ẹfun, ó pò ó, ó sì ní kí wọ́n fi kun gbogbo inú ògiri náà. Ilé funfun báláú. Ó pe àbúrò rẹ̀ kí ó wá wò ó, ó bi í pé níbo ni ọ̀tá rẹ̀ wà nísinsìnyí. Ẹfun dára lára olórìṣà. Lára ògiri tó tutù, aṣọ ìbora lásán ni, ohun tí a fi bò sì ń hù lábẹ́ rẹ̀. Kí oṣù mìíràn tó lé, dúdú ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ funfun náà, wọ́n sì tún ti mójú kúrò níbẹ̀.

Ọnàwọlé padà sọ́dọ̀ Ìyá Ẹfúndùnkẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò gbà, ilé náà kì í sì í ṣe ti òun.

“Ògiri kì í ṣe tìrẹ,” ni ìyá náà wí. “Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Gbé e kúrò níbẹ̀.”

Báyìí ni Ọnàwọlé ṣe tú òfì rẹ̀, tí ó fi omi eérú fọ gbogbo igi rẹ̀, tí ó sá a sóòrùn, tí ó sì lọ fi igi mẹ́rin àti koríko ṣe àtíbàbà sórí òkè, lábẹ́ igi ìṣin kan. Kò mọ ògiri sí i rárá. Lẹ́yìn náà ó múra, ó lọ sí ìlú àwọn àna rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sójú ọ̀nà níwájú bàbá Ìbídùnńní. Bàbá náà fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ́ kí ó tó ní kí ó dìde.

“Ẹ mú ọmọ wa lọ bí ìyàwó, ẹ dá a padà bí àjẹ́,” ni bàbá náà wí. “Gbogbo ọjà ló ti gbọ́. Bí a bá fà á lé ọ lọ́wọ́ lónìí, tí o sì wúkọ́ lọ́la, kí ni wọn yóò ṣe fún un? Lọ. Kí ìgbà òjò kan kọjá lórí rẹ láìsí ikọ́, kí àwọn ènìyàn rẹ rí i, kí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà sì fi ẹnu ara rẹ̀ kó o jẹ. Nígbà náà ni kí o wá gbà á.”

Ìbídùnńní dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọnàwọlé wò ó, ó rí i pé ó ti sanra díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ojú rẹ̀ sì mọ́.

“Èmi náà ń wúkọ́ nílé yín,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ̀yìn yín ni mo ń jókòó sí, ẹ sì ń gbọ́ mi. Kò sí ẹni tó bi mí. Nígbà tí mo dé ibí ni ó lọ.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dun Ọnàwọlé wọ egungun. Òótọ́ ni pé ó ń gbọ́ ọ. Tirẹ̀ ni ó gbà á lọ́kàn, tí kò fi ka ti obìnrin náà sí ikọ́. Ìgbà òjò kan ni wọ́n fún un, bí ó bá sì wúkọ́ nínú rẹ̀, ó ti pàdánù ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, obìnrin náà yóò sì máa jẹ́ orúkọ tí kò tọ́ sí i títí ayé.

Ọyẹ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Ẹ má bi mí bí òwú ṣe ń já. Ó ń já kí ó tó ju ọkọ̀, ó ń já lẹ́yìn tó jù ú. Àwọn tó ń gba abẹ́ òkè náà kọjá á gbójú sókè, wọ́n á ní, “Ọnàwọlé, òwú ń já o,” òun á sì dáhùn pé, “Ó ń já, mo ń so ó.” Aṣọ tí ìbá hun ní ọ̀sẹ̀ kan ń gbà á ní mẹ́ta. Nígbà tí Baálẹ̀ fẹ́ ṣe aṣọ funfun tí yóò fi ṣọdún ìwúyè rẹ̀, ọ̀dọ̀ Bámgbálà ni iṣẹ́ náà lọ.

Ní ọjọ́ kan tí òwú já títí tí sùúrù rẹ̀ tán, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé òfì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan ẹní tútù náà. Òtútù dáadáa ń fẹ́ jáde láti inú, ó ń gbọ́ ìró òfì wọn tó ń lọ geere. Bámgbálà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Wọlé, jàre,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí láti inú òkùnkùn. “Àyè rẹ ṣì wà.”

Ó wù ú kó wọlé, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n òórùn tí kò gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lu imú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó jọ̀wọ́ ẹní náà, ó padà sókè. Ní ọ̀nà ni ó ti rántí àwọn ahunṣọ tó bá pàdé níbi tó ti lọ ra sányán. Ìlú wọn kò ní odò, wọn kò sì ní ilé tútù. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń pò sómi, wọ́n á fi rin òwú, wọ́n á sá a títí yóò fi le díẹ̀, kí wọ́n tó ta á sórí òfì. Ó ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó ní òwú wọn ń jẹun ju àwọn fúnra wọn lọ. Ó dé òkè, ó ní kí wọ́n bá òun ra ògì.

Láti ìgbà náà, ó ń rin òwú rẹ̀ lẹ́kọ, ó sì ń hun ún ní ìdájí, nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, títí oòrùn yóò fi mú. Òwú náà ṣì ń já, ṣùgbọ́n kò já bíi ti tẹ́lẹ̀.

Òjò wá dé. Bí ó bá ti ṣú, Ọnàwọlé á ká aṣọ, á gbé e lọ sílé, á sì jókòó máa wo òjò. Àwọn àna rẹ̀ ń rán ènìyàn wá kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n rán á bọ́ bàtà, wọ́n á jẹun, wọ́n á jókòó pẹ́ ju bí ìkíni ti tó lọ, wọn kò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Etí ni wọ́n mú wá. Ọnàwọlé mọ̀, ó sì ń mí fún wọn gbọ́.

Ní ilé òfì, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ahunṣọ tó kù ń wúkọ́ lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀kan fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó lọ dáko, ara rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n Bámgbálà ní ọ̀lẹ ni. Aṣọ Baálẹ̀ parí kí ọjọ́ ọdún ìwúyè tó pé, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n tò ó sí kọ̀rọ̀ ilé náà. Nígbà tí wọ́n tú u níwájú Baálẹ̀, ó ti bu ní dúdú wínníwínní láti etí dé etí. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi omi ọsàn fọ̀ ọ́, kò lọ. Baálẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí wọ́n lọ bá òun wo ohun tí àbúrò Bámgbálà ń hun lórí òkè. Èyí tí wọ́n rí níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó funfun, òun ni ó sì wọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àyà Bámgbálà dí pátápátá. Kò lè sùn ní ìdùbúlẹ̀ mọ́, ìjókòó ni ó ń sùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ta ni ó ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ tọ́ka sí lọ́jọ́sí kò ti sí nílé náà láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí ó ń wo àwọn ìyàwó tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyálé rẹ̀ di ẹrù rẹ̀. Ó ní bí ó bá máa kan òun, ó sàn kí òun tètè lọ kí wọ́n tó rán òun. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé.

Òjò dá. Ikọ́ kò gbé Ọnàwọlé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìlú sì rí i. Ṣùgbọ́n èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ kò tíì ṣe, pé kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà kó o jẹ. Ọnàwọlé sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé òfì. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì tí kò lè hun mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é débi tí ìbínú rẹ̀ fi lọ. Kò bá a wíjọ́. Ó fi aṣọ di imú ara rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí a ti ń pọn ọmọ, ó sì gbé e gun òkè lọ sábẹ́ igi ìṣin.

Ẹni tí kò lè rin ìbùsọ̀ kan kò lè lọ tọrọ àforíjì ní ìlú kejì. Bàbá Ìbídùnńní gbọ́, ó sì ṣe ohun tí àna kì í sábà ṣe, ó mú ọmọ rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Wọ́n bá Bámgbálà lórí ẹní lábẹ́ àtíbàbà, ó fi ẹ̀yìn ti igi. Ìbídùnńní kúnlẹ̀ kí i. Lẹ́yìn náà ó wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ó di ẹní náà mú, ó sì fà á síhà ibẹ̀.

“Ìyàwó,” ni Bámgbálà wí. Ó sinmi. “Orúkọ tí mo fún ọ.” Ó tún sinmi. “Irọ́ ni. Mo ṣẹ̀ ọ́.”

“Mo gbọ́, bàbá,” ni Ìbídùnńní wí. “Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ mí ná.”

Bàbá rẹ̀ wo gbogbo wọn, ó mú omi mu, ó sì fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kí àna wọn tó lọ, Bámgbálà ní kí wọ́n pe àwọn ahunṣọ òun wá. Ó nawọ́ sí ilé òfì tó wà nísàlẹ̀, ó ní, “Ẹ dá ojú sí i.” Wọ́n rin ògiri náà ní omi eérú, wọ́n ha á, wọ́n jó ẹní, wọ́n sì la ojú ńlá sí ìhà méjèèjì. Oòrùn wọ ilé náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọ, ó sì pẹ́ kí ó tó gbẹ dénú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń hun níbẹ̀ rí ara wọn. Èémí Bámgbálà kò padà wá tán. Ó wà láàyè fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò ju ọkọ̀ mọ́, bí ó bá sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gígùn, ẹlòmíràn ni ó ń bá a parí rẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ mi ní ìtàn yìí, bí ẹnìkan bá wá bi mí pé ta ni ó ń ṣe òun, èmi a kọ́kọ́ bi í pé níbo ni ó ń jókòó. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bínú sí mi. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n wá gbọ́.

Ọnàwọlé gbọ́ ẹbọ, ó rú èyí tó rọrùn, ó sì rú èyí tó ṣòro. Ó rí ire aya, ó rí ire iṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì hun aṣọ lẹ́yìn rẹ̀ láìwúkọ́. Bámgbálà fi ẹbọ ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi kábàámọ̀. Òun náà padà rú u, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí yóò fi rú u, èémí ara rẹ̀ ti wà nínú ẹrù ẹbọ.